Ọwọ́ Tó Kù fún Bọ̀dá Wàsíù

Kẹ̀kẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó dójú tì mí nílùú yìí. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìwó, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹni tó bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ló ń gùn, bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Mi ò tíì sinmi tán tí Bọ̀dá Wàsíù fi mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí àtẹ̀gùn ilé káńsù, ilé ìjọba tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Peckham. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́ lára kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan tó ti ń dípẹtà, ó ní, "Tìẹ nìyí. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ò ṣe é gbára lé. Tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílùú yìí, wàá gun kẹ̀kẹ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ní Ìwó, àgbàlagbà tó bá ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe èèyàn. Lọ́jọ́ tí bàbá mi ra alùpùpù, tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ṣe sàráà.

Bọ̀dá Wàsíù kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Agbo ilé kan náà la ti wá, ìyá tó bí i ló sì gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá tèmi kú, nítorí náà Ìyá ni èmi náà ń pè é títí dòní. Nígbà tí mo dé tí n kò mọ ẹnì kan, Bọ̀dá Wàsíù ló fún mi ní ibi tí màá sùn. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Rísí, a máa bu oúnjẹ tèmi kó tó bu ti Bàṣírá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bàṣírá a yọjú sínú abọ́ mi, a ní, "Mummy, why is Uncle's meat bigger?" Màá ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, màá sì tètè jẹ ẹran náà.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ já mi láyà. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó kí n tó kúrò nílé. Ìkíni ni. Mo kí ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn, kò dáhùn. Mo tún un kí, mo rò pé kò gbọ́ ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n pa dà sí Ìwó lọ́jọ́ náà gan-an. Èèyàn lè wà nílùú yìí fún ìgbà pípẹ́ kó má sí ẹni tí yóò bi í pé ṣé ó jí dáadáa. Inú bí mi, ó sì tún dùn mí. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń fọ ẹnu lówùúrọ̀, màá wo ara mi nínú dígí, màá ní, "O kú ojúmọ́ o."

Bọ̀dá Wàsíù ló bá mi wo àìsàn yẹn sàn. Iṣẹ́ ìmọ́tótó la jọ ń ṣe nínú ilé ọ́fíìsì kan ní Elephant and Castle, a sì jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ láàárọ̀. Kò sí ẹni tí kì í kí lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ títì, ẹlẹ́ja tó ń pàtẹ ní Rye Lane, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó dúró síbi iná, gbogbo wọn ló ń gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí, yóò sì tẹ orí ba díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kó tó kí wọn. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n mọ èmi náà. Ìwé ìgbélùú mi dé lẹ́yìn ìyẹn, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹlẹ́ja yẹn gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sókè kí mi ni mo ka ara mi kún ará Peckham.

Ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bọ̀dá Wàsíù. Ibi iṣẹ́ la wà. Ó ń ti ẹ̀rọ tí a fi ń nu ilẹ̀, ó ní kí n bá òun mú un, àbí mo rò pé ohun tó ń sọ nìyẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó pẹ́ ní ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pa dà bọ̀ sípò, ó kù díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà pa dà, àmọ́ ó ń fà, ohùn rẹ̀ sì yí pa dà pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò pa dà. Ó kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, bí aṣọ tí wọ́n sá.

Mi ò ní máa ṣàlàyé fún ẹni tó gbọ́ èdè yìí ohun tí èyí jẹ́. Ọwọ́ tó kù fún Bọ̀dá Wàsíù ni ọwọ́ tí wọ́n kọ́ gbogbo wa láti kékeré pé kí a má fi jẹun, kí a má fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kí a má sì fi kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí gbogbo Rye Lane mọ̀ mọ́ ìkíni wá di ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó bá ń lọ.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́yìn àìsàn náà, èmi ni mo sìn ín lọ sí mọ́ṣáláṣí. Inú gbogbo èèyàn dùn láti rí i. Nígbà tí a ń jáde lẹ́yìn ìrun, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pín èso dàbínù fún àwọn àgbà, ó sì na ọ̀kan sí Bọ̀dá Wàsíù. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Ọmọbìnrin kékeré kan tó di aṣọ obìnrin náà mú nàka sí i, ó pariwo, ó ní, "Grandpa, not that one! Ọwọ́ ọ̀tún! Mummy says ọwọ́ ọ̀tún!" Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kí lọmọ náà ṣe? Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé ló sọ, kí ìlú yìí má bàa gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá Wàsíù rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà gbọ́n. Ó ki dàbínù náà bọ àpò, kò jẹ ẹ́, kò sì tún pa dà sí mọ́ṣáláṣí mọ́.

Kò gbé fóònù Ìyá mọ́ náà. Ó ní, "Àbúrò, kí ni màá sọ fún wọn? Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi yìí, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní káwọn rí mi, wọ́n á sì rí ọwọ́." Ìyá ti darúgbó gan-an, òun nìkan ló sì ń dá gbé ní yàrá rẹ̀ ní Ìwó. Tí kò bá rí Bọ̀dá Wàsíù bá sọ̀rọ̀, èmi ló máa ń pè. Màá ní ó wà níbi iṣẹ́. Màá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, pé fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé ìlú òkèèrè ló mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá yóò ní, "Ó dáa, bá mi kí i," yóò sì pa fóònù.

Bàṣírá ló mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wá. Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Catford, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àìkú kan ń bọ̀ tí wọ́n máa ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé àárín ìlú, kí gbogbo ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ lè jáde, àtọmọdé àtàgbà. Ó ní kí mọ́ṣáláṣí wa lọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan. Ó ti bá wa yá kẹ̀kẹ́ oníjòkòó méjì, kí n jókòó síwájú kí n máa darí rẹ̀, kí dádì òun wà lẹ́yìn, kí ó máa fi ẹsẹ̀ wà á.

Mo rò pé Bọ̀dá Wàsíù yóò kọ̀. Kò kọ̀. Ó ní, "Orí kẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́." Ìyẹn nìkan ló sọ, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbára dì ní pápá Peckham Rye ní àwọn àárọ̀ Sátidé nìyẹn. Ẹni tó bá ń kọjá á dúró wò wá. Alfa Sùlẹ́, lémọ̀ọ́mù wa, ki etí jalamíà rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Àwọn Alhaja ń jiyàn lórí bóyá abẹ́ ìborùn ni akoto ń wà tàbí orí rẹ̀, ìjà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín wọn sí méjì. Àwọn kan kò tíì gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn. Bàṣírá dúró sáàárín wa bíi tíṣà, ó ń fi Yorùbá rẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ́ kọ́ wa.

"Tí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ na ọwọ́ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín á ṣe same thing, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà á ṣe é. Pass it back, títí á fi dé last person. No signal, no turn. Ṣé ẹ gbọ́?"

A ní a gbọ́. Ó wá yíjú sí kẹ̀kẹ́ wa. "Uncle, ọ̀tún, ẹ̀yin ni. Òsì, Daddy ni."

Mo sáré dá sí i. Mo ní, "Bàṣírá, jẹ́ kí n máa ṣe méjèèjì. Kò le fún mi."

"No, Uncle. Everybody on a bike has a job. Daddy mi kì í ṣe luggage."

Mo wo Bàṣírá, mo fẹ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu mi kò gbà á. Ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é. Lójú rẹ̀, òsì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan, ọ̀tún jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó parí. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, níbi tí akọ̀wé báǹkì ti ń fi ọwọ́ tó bá wù ú na owó síni. A kọ́ ọ pé kó kúnlẹ̀ kí àgbà, kó máa kírun, kó má gbàgbé Ìwó tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, èyí tó ń mú kí ara èèyàn kọ nǹkan kó tó ronú, kò sẹ́ni tó kọ́ àwa náà. A kàn bá a lára ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alfa Sùlẹ́ ló wà lẹ́yìn wa gangan. A dé ibi tí ọ̀nà ti pín lábẹ́ àwọn igi, Bàṣírá pariwo láti iwájú, ó ní, "Left! Òsì, òsì!" Mo dín eré kù kí Bọ̀dá Wàsíù lè nawọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo rò pé ó ti nà án, mo sì yà. Alfa tó ń bọ̀ lápá òsì wa kò rí nǹkan kan tó sọ fún un pé a fẹ́ yà. Ó gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wa sì wó lulẹ̀. Jalamíà Alfa ya, orókún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Bàṣírá ju kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sáré dé. "Daddy! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò signal?"

Bọ̀dá Wàsíù kò wo Bàṣírá. Alfa tó jókòó sórí koríko ló kọjú sí. "Ẹ má bínú, Alfa," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ na ọwọ́ òsì sí yín lójú?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwa àgbà tó wà níbẹ̀ wolẹ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bàṣírá nìkan ló ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wait," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín ṣubú, kẹ́ ẹ má bàa ya ẹni tí ò lẹ́kọ̀ọ́?"

Alfa fi ẹ̀gbẹ́ jalamíà nu ẹ̀jẹ̀ orókún rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni." Ó wá wo Bọ̀dá Wàsíù. "Wàsíù, tó bá tún di ìgbà mìíràn, nà án. Èmi ni mo ní kó o nà án."

"Ẹ ṣé, Alfa," ni Bọ̀dá Wàsíù wí. Mo mọ "ẹ ṣé" yẹn. Èyí tí èèyàn fi ń parí ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí a tún pàdé ní Peckham Rye, kò wá.

Mo lọ bá a nílé. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní òun ò lọ mọ́, pé òun ti ṣe Alfa léṣe tó. Mo rọ̀ ọ́ títí, mo tún bínú sí i díẹ̀, kò yí ohùn pa dà. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàṣírá ló wà níbẹ̀, ó gbára lé irin, ó ń sunkún. "Uncle, nobody told me," ó ní. "Mo rò pé mo ń help wọn ni." Mo bá a dúró síbẹ̀, àwa méjèèjì ń wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo rí i pé èèyàn lè wà nínú ilé bàbá rẹ̀ kó sì jẹ́ àlejò, bí bàbá náà ṣe jẹ́ àlejò nínú ìlú ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé, tí ìgùn kẹ̀kẹ́ náà ku ọ̀la, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, nítorí mi ò gbé kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ náà, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ìyá pè. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi.

"Ṣé Wàsíù ti kú ni?"

"Ha, rárá o, Ìyá! Kí ló dé?"

"Gbogbo ohun tó ò ń sọ fún mi yìí, òun ni wọ́n sọ fún ìyá Ràfíù ilé kejì. Wọ́n ní ó wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n ti sin Ràfíù tán kí wọ́n tó wá jókòó ti ìyá rẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Mi ò ní kú tí mo bá gbọ́. Sọ fún mi. Mi ò fẹ́ máa ṣe àdúà alààyè fún ọmọ tó ti kú."

Omi bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní ìdí tí ìyá arúgbó fi rò bẹ́ẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwa ọmọ Yorùbá kì í sọ ikú fún ìyá lójijì. A máa ń dá a dúró pẹ̀lú irọ́ kéékèèké títí àwọn àgbà yóò fi péjọ. Irọ́ kéékèèké yẹn ni mo ti ń pa, mo sì ti fi sin ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Mo ní, "Ìyá, ó wà láàyè. Ara rẹ̀ ni kò yá. Mo ń lọ bá a báyìí, yóò pè yín." Ó ní, "Hẹn-ẹn," bí ẹni tó ti gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Bọ̀dá Wàsíù ṣì wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nígbà tí mo dé. Àǹtí Rísí àti Bàṣírá náà wà níbẹ̀. Mi ò jókòó. Mo ní, "Bọ̀dá, Ìyá pè mí. Wọ́n rò pé ẹ ti kú, pé a kàn ń fi pa mọ́ fún wọn ni."

Ó na ọwọ́ òsì, ó gba fóònù mi. Kò ronú kó tó nà án. Nígbà tí Ìyá gbé e, ó ní, "Ìyá, èmi ni. Wàsíù ni."

Ìyá ní, "Ta nìyẹn?"

"Wàsíù ni, Ìyá. Àìsàn ló ṣe mí, òun ló sọ ohùn mi dà báyìí."

"Ohùn Wàsíù kọ́ nìyẹn. Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ̀yin ọmọ yìí. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Ìyá ń lò, kò lè fi ojú hàn. Kúdí, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ní fóònù ńlá, Òṣogbo ló sì ń gbé, ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń wá. Bọ̀dá Wàsíù ní, "Lọ́la, Ìyá. Tí Kúdí bá dé, ẹ ó rí mi." Ìyá pa fóònù náà.

Àǹtí Rísí ń fi etí aṣọ nu ojú. Bọ̀dá Wàsíù wo ọwọ́ tó gbé lé itan, ó wo àga tó wà lórí rẹ̀. "Tí wọ́n bá rí mi báyìí," ó ní, "wọ́n á rò pé ẹ gbé òkú jókòó ni." Ó yíjú sí Bàṣírá. "Jẹ́ kí wọ́n rí mi lórí kẹ̀kẹ́. Níbo ni akoto mi wà?"

Bàṣírá ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Alfa ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé wọ́n ń lọ?"

"Orókún wọn ti jinná. Wọ́n ní ẹ̀yìn yín náà làwọn máa wà."

Ó mi orí bí ẹni gbà, ó pẹ́ kó tó dá a dúró.

Iwájú mọ́ṣáláṣí la ti gbéra ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Alfa ti ṣe àdúà. Mi ò rí Peckham rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkọ̀, kò sí fèrè, ohùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń dún, bí òjò wẹẹrẹ lórí páànù. Èèyàn pọ̀ tó jẹ́ pé n kò rí òpin wọn níwájú. Ọ̀nà tí mo ti ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ wà láàárín rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń há sí tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ ń lé mi. Àwọn èèyàn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pariwo pé, "Baba! Long time!" sí Bọ̀dá Wàsíù. Mo mọ̀ pé orí nìkan ló fi dá a lóhùn, torí kẹ̀kẹ́ kò mì.

Díẹ̀ kí a tó dé Elephant and Castle, ọ̀nà yà sí òsì. Bàṣírá tó wà níwájú nawọ́, ó sì bojú wẹ̀yìn. Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Tí Bọ̀dá Wàsíù kò bá nawọ́, mi ò ní yà, àfi kí a máa lọ tààrà, kí gbogbo ẹgbẹ́ fi wá sílẹ̀, kí Ìyá máa retí. Mi ò ní nà án fún un, mi ò sì ní da Alfa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Oríta náà ń sún mọ́ wa.

Mo gbọ́ ohùn Alfa lẹ́yìn. "Wàsíù," ó ní, wọ́ọ́rọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi lápá òsì, ó nà tán.

Mo yà. Ilé ìtajà oní-dígí ńlá kan wà ní orígun náà, inú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tó wà lẹ́yìn wa, nítorí n kò lè bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì Alfa wà níta, ó nà án gbọnran. Lẹ́yìn Alfa, ti àwọn bàbá. Lẹ́yìn wọn, ti àwọn Alhaja. Ọ̀kan nínú wọn ń wí pé, "Asitagafurulai," bó ṣe ń na tirẹ̀. Gbogbo ọwọ́ òsì mọ́ṣáláṣí wa ló wà níta láàárín títì Lọ́ńdọ̀nù lójú ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tó ń bo tirẹ̀. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Wàsíù ń sunkún lẹ́yìn mi, mo sì ń wa kẹ̀kẹ́ lọ.

A sinmi nínú ọgbà ńlá kan lódìkejì odò. A kò jẹ́ kí Bọ̀dá Wàsíù sọ̀ kalẹ̀, mo di kẹ̀kẹ́ náà mú, Bàṣírá sì pe Kúdí. Ojú Kúdí ló kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù náà síwájú Ìyá. Ìyá sún mọ́ ọn títí ó fi ku iwájú orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Wàsíù?"

"Èmi nìyí, Ìyá. Ẹ wò ó, kẹ̀kẹ́ ni mo gùn wá."

Ìyá kò bá ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lọ. Ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́nu, ó ń wá nǹkan lára rẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún ẹ dà?"

"Ọwọ́ ló kú, Ìyá. Èmi ò kú."

A gbọ́ tí Kúdí bú sẹ́kún níbi tó wà. Ìyá kò sunkún. Ó ní, "Alihamudulilai," ó tún un wí, ó tún un wí. Lẹ́yìn náà ó fa ojú ro díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí àwa méjèèjì nígbà tí a wà ní kékeré. "O ò tíì kí mi."

Bọ̀dá Wàsíù fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà mì, mo sì dì í mú ṣinṣin.

"Jókòó síbẹ̀," ni Ìyá wí. "Fi èyí tó kù kí mi."

"Ọwọ́ òsì ni, Ìyá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí òun náà."

Ó gbé e sókè níwájú gbogbo wa, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí Ìyá fi dáhùn.